Abẹ́rẹ́ Bàbá Tiráyọ̀ ní Àjàṣẹ́

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìbọn ń dún ní ìgboro Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì, àti pé àwọn ológun tó gba ìjọba níbẹ̀ ti ń lé gbogbo àlejò dànù. Ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mi ò gbọ́ ìró ìbọn kankan. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó dìde láàárín èrò, tó sì ṣe ohun tí èmi nọ́ọ̀sì kò tíì rí kí ọ̀gá kankan ṣe rí nílé ìwòsàn wa ní Abẹ́òkúta níhìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù ló gbé mi dé ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n, òun ló fẹ́ aránṣọ ará Àjàṣẹ́ tó gbé àdúgbò wa nígbà kan. Oníṣòwò kan tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ ló yà nílé wa, ó ní ẹ̀gbọ́n mi kò lè jókòó mọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítorí ibà, ibi tí wọ́n gún sì wú, ó le, ó ń gbóná bí iná. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo lọ.

Ẹnubodè

Ìdìrókò àti Ìgòlò kò jìnnà síra. Ẹni tó bá lóhùn lè dúró ní apá tiwa kó kí ẹni tó wà ní apá tiwọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ré kọjá báyìí, ńṣe ló dà bíi pé etí mi di. Faransé ni gbogbo ohun tí àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń gbéra ga nílé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Jándáàmù kan, bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́pàá wọn, ní kí n tú àpò mi. Ó rí àpótí kékeré onírin tí mo kó abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ sí. Ó gbé e sókè.

"Píkíì?" ó bi mí.

Mo ń wò ó. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n lẹ́yìn mi ló gbà mí. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ ni ó ń wí o, àbúrò. Píkíì ni à ń pè é níhìn-ín. Ó ní ṣé ìwọ náà ń gún èèyàn ní píkíì ni?"

Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí obìnrin náà túmọ̀ rẹ̀, ojú ọkùnrin yìí yí padà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá ńlá kan hàn mí lápá, tó jin kòtò bí ibi tí wọ́n ti fi ṣíbí bu ẹran kúrò. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ó ní píkíì ló ṣe òun báyìí. Ó ní kó o máa lọ, kó o rọra máa gún àwọn èèyàn òun."

Jándáàmù náà wá na ìkúùkù sókè, ó ké pé, "Ẹ̀húzú!" Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Dàndàn!" Èmi ní tèmi dáhùn pé, "Àmín." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mo dé Àjàṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lọ́yẹ̀ pé èdè Fọ̀n ni, pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan ti yí padà, òun sì ni ìkíni àwọn tó gba ìjọba.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dowa ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ilẹ̀ pupa ni, ògiri pupa, eruku pupa lára ewé. Àárín wọn ni àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ wà, tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe fèrèsé wọn lọ́ṣọ̀ọ́, tí ọ̀dà náà sì ti ń ṣí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, wọ́n ní "Ẹ káàbọ̀", lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé omi wá nínú igbá, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Mo rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ìyá. Àṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò nìyẹn: ẹni tó gbé omi fún ọ ní láti tọ́ ọ wò lójú rẹ, kí o lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀. Ó dìgbà tí mo mu ún tán kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ilé.

Èdè wa kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá ní kí wọ́n bá àlejò ra pẹ̀ǹ. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá, mo ní pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́," mo sì fa pẹ́ẹ̀nì ìkọ̀wé mi yọ. Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti sọ mí ní Ajẹ-pẹ́ẹ̀nì.

Alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n gbé oúnjẹ pupa kan síwájú mi. Mo rò pé ẹ̀bà olépo ni. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ tòmátì àti omi ẹran, àmíwọ̀ lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fi adìyẹ díndín sí i, pẹ̀lú ata tútù, àlùbọ́sà àti tòmátì tí wọ́n kàn gé, tí wọn ò sè. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún gba díẹ̀. Mo ti ń gbìyànjú láti rò ó níbí látìgbà tí mo ti dé, kò tíì rí bíi tiwọn.

Ẹni tó ń mú ọsàn wá

Ńṣe ni ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí mo ṣí aṣọ kúrò nídìí rẹ̀, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọyún ti gbára jọ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá Ráfíù, ọkọ rẹ̀, gbé e lọ sí ibi ìwòsàn kékeré ìjọba tí wọ́n ń pè ní dispáńsẹ̀. Ọkùnrin nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àǹfímíyẹ̀, là á fún un, ọyún tú jáde. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ó sùn, nígbà tó jí ó béèrè oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bàbá àgbàlagbà kan máa ń wá kí i. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lu ìlù ológun fún. Kò ní wá lọ́wọ́ òfo; yóò gbé ọsàn wá, yóò bó o fúnra rẹ̀, yóò sì dúró títí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bàbá Tiráyọ̀ ni gbogbo Dowa ń pè é, nítorí orúkọ tí àwọn Faransé ń pe àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú wọn nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ kan, bó ṣe jáde báyìí, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ta tiẹ̀ ni ó gún yín lábẹ́rẹ́ yìí?"

Ó ní, "Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn ni."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ kí bàbá náà nílé. Inú rẹ̀ dùn pé ẹni tó mọ iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ òun. Lójú ogun, òun ló ń gbé àpótí tẹ̀ lé dókítà àwọn ọmọ ogun, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ó fi tirẹ̀ hàn mí: ọ̀pá gíláàsì kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá kú, ó máa ń pọ́n ọn lórí òkúta. Bí ó bá gún ẹnì kan tán, yóò fi òwú tó rì sínú sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, nù ún, yóò sì gún ẹni tó kàn. Mùsùlùmí ni, kò fẹnu kan ọtí náà rí. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń fún mu.

Mo rọra sọ ọ́. "Bàbá, níbi tiwa, a máa ń sè é nínú omi kí a tó lò ó fún ẹlòmíì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, sódábì yìí á jó ọ lọ́fun títí dé inú. Kí ni omi gbígbóná fẹ́ ṣe tó jù ú lọ?"

Bàbá yìí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, àlejò sì ni mí. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ di ti àjẹ́

Nígbà tí ìròyìn tàn pé àbúrò Ìyá Ráfíù jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò ká ìró sókè. Itan tó wú, ìdí tó le, apá tó ti jin kòtò bíi ti jándáàmù yẹn. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà kan kò lè tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Gbogbo wọn, Bàbá Tiráyọ̀ ló gún wọn. Kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ju "ẹ ṣé" lọ.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni pé àwọn náà ti mọ̀ pé òun ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á sí ọ̀nà míì. Ní àkókò yẹn, rédíò ń pariwo lójoojúmọ́ nípa àwọn àjẹ́ tó ń fa ilẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan ní Ouando, níbi tí ọjà ńlá wọn wà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́: pé bàbá yìí ń fi nǹkan sí èèyàn lára. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọdé ti ń sá fún un lójú ọ̀nà. Ó ṣì ń gbé ọsàn wá, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò rìn bí ológun mọ́.

Olórí ìgbìmọ̀ ìjọba tuntun ní àdúgbò náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pè é. Ó wá bá mi nílé.

Ó ní, "Kámáráàdì nọ́ọ̀sì, a máa pe ìpàdé lọ́la. Ẹ ti rí ara àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ dáhùn lójú gbogbo ayé: ṣé àìsàn lásán nìyẹn, tàbí ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀?"

Bí ó ṣe lọ, Bàbá Ráfíù fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, má dá sí i. Bí o bá ní àìsàn lásán ni, wọ́n á ní àlejò ń gbèjà àjẹ́. Bí o bá ní ọwọ́ èèyàn ni, jándáàmù á wá gbé bàbá yẹn lọ, a ò sì mọ̀ bóyá a tún máa rí i. Èmi ò ní agbára tí mo lè fi gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn o."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ láti orí ẹní. Ó ní, "Bí ó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Wọ́n á gbé e lọ náà ni."

Mi ò jẹun ní ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gbà á lọ́wọ́ orúkọ àjẹ́, òun sì ni kí n sọ lójú rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn tó ti tọ́jú, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló bà wọ́n lára jẹ́.

Aṣọ funfun

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n pé jọ sí. Èrò kún títí dé ojú títì. Wọ́n fi Bàbá Tiráyọ̀ jókòó sórí ìjókòó àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù ológun rẹ̀ àtijọ́.

Mẹ́tìrì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Gbogbo wọn dojú kọ mí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ará Nàìjíríà ni, kí ló mọ̀?"

Mo ní, "Kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yín wá."

Wọ́n gbé e wá. Mo ní kí bàbá fúnra rẹ̀ fi sódábì nù ún bó ṣe máa ń ṣe. Ó nù ún dáadáa. Mo bi èrò pé, "Ṣé ó mọ́?" Wọ́n ní ó mọ́. Àǹfímíyẹ̀ náà wà níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀pá náà fa omi mímọ́. Bàbá Ráfíù, tó ti ní kí n má dá sí i, òun ló bọ́ síwájú tó tẹ́ aṣọ funfun tuntun láti ilé ìránṣọ rẹ̀ sórí tábìlì. Mi ò sọ fún un kó tó ṣe é.

Àǹfímíyẹ̀ ti omi náà jáde lójú abẹ́rẹ́ sórí aṣọ.

Ó kọ́kọ́ há. Ó tún tì í. Nǹkan kan bọ́ jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó balẹ̀ sórí aṣọ funfun, omi tàn án káàkiri. Àwọn tó wà níwájú rí i, wọ́n figbe ta. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè pé kí ló dé.

Bàbá Tiráyọ̀ dìde, ó wá sídìí tábìlì, ó tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́.

"Kí nìyí?" ó bi mí.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. Inú ihò abẹ́rẹ́ ló wà. Òwú kò lè dé ibẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ni abẹ́rẹ́ ń gbé lọ fún ẹlòmíì. Èyí ló ń wú wọn lára. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ẹ fẹ́ wò wọ́n sàn ni."

Mo rò pé yóò bínú. Mo tiẹ̀ rò pé yóò gbá mi létí. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sókè sójú oòrùn, ó fojú wá ihò rẹ̀, ó sì yíjú sí èrò.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Èmi kì í ṣe àjẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni. Píkíì mi ni. Ìwọ ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ẹsẹ̀ rẹ yẹn, èmi ni. Ìyá Ráfíù tí mò ń gbé ọsàn lọ fún, èmi náà ni. Mi ò mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí. Ẹ dárí jì mí." Ó wá dojú kọ Mẹ́tìrì. "Ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ gbé mi lọ, ẹ gbé mi lọ nítorí èyí, ẹ má gbé mi lọ nítorí irọ́."

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà ló kọ́kọ́ dìde. Ó tiro wá síwájú, ó di apá bàbá náà mú, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Oòrùn ti pọ̀ jù." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mẹ́tìrì kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ṣùgbọ́n mo yìn ín, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní agbára lọ́wọ́ ni, ó sì lè kọ̀. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ jándáàmù mọ́. Pé láti ọ̀la lọ, Bàbá Tiráyọ̀ yóò máa lọ sí dispáńsẹ̀ kí Àǹfímíyẹ̀ àti àlejò láti Nàìjíríà jọ kọ́ ọ.

Omi tó ń hó

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ bíi bàbá náà. Ó tú ọ̀pá kúrò lára ara rẹ̀, ó fi omi ṣan inú rẹ̀ títí omi yóò fi jáde lójú abẹ́rẹ́ láìlábàwọ́n, ó sè wọ́n, ó sì fi ẹ̀mú gbé wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n. Àǹfímíyẹ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i kó má baà máa fi ẹyọ kan gún gbogbo èèyàn. Ó gbà pé òun kò ní gún ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi tí Àǹfímíyẹ̀ bá ní kí òun gún un, pẹ̀lú oògùn tí ó bá fún òun.

Àwọn obìnrin Dowa ṣe tiwọn. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kó wọn jọ sí àgbàlá, wọ́n fẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò na apá tàbí yí ìdí padà fún abẹ́rẹ́ kankan, ti ọjà, ti ilé, ti ìjọba pàápàá, láìjẹ́ pé ó rí omi tó ń hó. Mo lọ sí Ouando ní ọjọ́ ọjà kan, mo sì fi etí ara mi gbọ́ obìnrin kan tó ń bá alábẹ́rẹ́ àjèjì kan jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹja: "Ìkòkò rẹ dà? Iná rẹ dà? Mo ní kí n rí omi!" Alábẹ́rẹ́ náà palẹ̀ mọ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orí mi wú. Èmi tí mo ń ṣi pẹ̀ǹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìlú onílùú ti wà lẹ́nu ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ó kan èmi náà

Mo ti di ẹrù mi láti máa bọ̀ wálé nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ibà yẹn le. Eyín mi ń gbá ara wọn, gbogbo ohun tí mo bá mu ni mò ń bì, oògùn oníhóró kò lè dúró nínú mi. Abẹ́rẹ́ ló kù. Wọ́n ní Àǹfímíyẹ̀ ti lọ tọ́jú àwọn ará oko ní Avrankou. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí Bàbá Tiráyọ̀.

Ó dé, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ gún un, ẹ jọ̀wọ́."

Ó ní, "Àǹfímíyẹ̀ kò tíì sọ pé kí n gún un."

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú. Bàbá náà jáde, ó gun kẹ̀kẹ́ Bàbá Ráfíù, ó di Avrankou, lójú eruku àti oòrùn yẹn, ní ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ẹ̀wù rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀, oògùn wà nínú àpò àyà rẹ̀, ó sì ka ohun tí Àǹfímíyẹ̀ wí fún mi lọ́rọ̀ lọ́rọ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná. Mo ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, mò ń wò ó gba ẹnu ọ̀nà. Ó tú u, ó ṣan án, ó kó o sínú ìkòkò, ó jókòó tì í. Omi hó. Ara ń ni mí débi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Mo ní, "Bàbá, ó ti tó. Ẹ máa bọ̀, mo bẹ̀ yín."

Kò gbójú kúrò lára ìkòkò. Ó ní, "Kò tíì tó."

Èmi tí mo kọ́ ọ tún fa aṣọ mọ́ra. Ó dìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó gbé e kúrò lórí iná. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó dúró kó tutù, ó fa oògùn, ó sì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, ó nàró ṣánṣán bí ológun. Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ráfíù, gbogbo wọn dúró ń wò. Mo yí ìdí sí i, èmi nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta, láìbẹ̀rù rárá.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ibà ti lọ, mo fọwọ́ tẹ ibi tó gún. Kò wú. Kò gbóná. Mo tiẹ̀ wá a kí n tó rí ojú rẹ̀.